Wọ́n Ń Ṣe Sàráà Nínú Kọ̀ǹpútà

Karmo, Àbújá.

Nafisah ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo tún kí ọ. Ṣé iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ lọ sí Bauchi ń lọ déédéé, ṣé oúnjẹ ibẹ̀ bá ọ lára mu? Ọlọ́run tó mú ọ lọ ni yóò mú ọ bọ̀ láyọ̀, ojú rẹ kò ní rí ìbànújẹ́, ọ̀gá tó rán ọ níṣẹ́ kò sì ní gbàgbé rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín ìgbéga. Àmín. Ara mi le. Ilé rẹ tí o ní kí n máa bá ọ ṣọ́ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, àfi ife kan tó fọ́, èmi kọ́ ni mo sì fọ́ ọ, òun ló já bọ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí mo gbé e.

Ìyá rẹ pè láti abúlé. Ó ní ewúrẹ́ òun ti bímọ, àti pé wọ́n ti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn tuntun sí mọ́sálásí wa, ṣùgbọ́n Lèmọ́ọ̀mù kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pa á, nítorí náà gbogbo abúlé ló gbọ́ nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń jiyàn lórí ata. Ìyá rẹ ní ìyàwó ló jàre.

Ó ṣeé ṣe kí o máa rò ó pé báwo ni ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ ṣe wá tọ́ báyìí. Inú láptọ́ọ̀pù rẹ ni mo ti ń kọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń bá mi kọ ọ́. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, èyí tí mo fi máa ń ti abẹ́rẹ́, nítorí òun ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. O ní mo lè máa fi ẹ̀rọ náà wo wáàsí. Mo ṣí i, àkọlé pupa kan yọ síta, kò sì fẹ́ lọ. Mo ké sí Rosemary, aládùúgbò rẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, tó jẹ́ pé Ìlọrin ló dàgbà sí, tí Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti ẹlòmíràn nínú wa lọ. Ó kà á, ó ní ohun tí o fi ń kọ̀wé nínú rẹ̀ ni àsìkò ìsanwó rẹ̀ ti tán, pé ọdọọdún ni wọ́n ń san án. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. O ti ra ẹ̀rọ, ó sì tún ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti ra máṣíìnì ìránṣọ mi, kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí ju epo lọ.

Mo gbé e lọ bá Gafar, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Ó ní kí n má dààmú, òun á fi èyí tí wọ́n ti kíráàkì sí i fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè ní kíráàkì. Ó ní wọ́n ti là á ni. Mo ní ta ló là á, ṣé ẹni tó ni ín mọ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní bí aṣọ bá ti ya lọ́wọ́ mi, n kì í gbé e fún oníbàárà pé kó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Mo gbé ẹ̀rọ wa, mo padà sílé. Rosemary ní mo ṣe dáadáa, pé irú rẹ̀ ló máa ń kó àìsàn ran kọ̀ǹpútà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń da aṣọ bo láptọ́ọ̀pù rẹ nítorí òtútù.

Rosemary wá sọ ohun tó yà mí lẹ́nu. Ó ní àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, pé àwọn èèyàn kan káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ ṣe wọ́n, tí wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa mú. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ gbà níbẹ̀? Ó ní kò sí. Mo ní ṣé òkú ni wọ́n ń ṣe ni, àbí wọ́n bímọ? Ó ní rárá. Ìgbà yẹn ló yé mi. Sàráà ni wọ́n ń ṣe, Nafisah, sàráà gidi, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ojú wọn, bó ṣe yẹ kí a máa ṣe é. Mo tẹ́ ọwọ́, mo ṣe dùáà fún wọn, mo ní kí Rosemary ṣe àmín, ó sì ṣe é bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọ Kátólíìkì ló ń lọ.

Èyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí ń jẹ́ LibreOffice, Rosemary ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo gbọ́ ọ́fíìsì, mo dé fìlà kí n tó ṣí i. Lẹ́tà ni o, ìṣirò ọjà ni o, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣe, ó sì lè sọ ìwé di PDF, èyí tó dà bí ìgbà tí a bá lọ aṣọ tán tí a fi ọ̀rá wé e. Ìlà pupa ló ń fà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo bá kọ. Mo rò pé ó ń yìn mí ni, àfi ìgbà tí Rosemary ní kò gbọ́ èdè wa ni. Mo ṣàánú rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tó ń bá èèyàn tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù, KeePassXC. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ lo máa kó sínú rẹ̀ bí ẹni kó o sínú àpótí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lo sì máa fi ti àpótí náà. Rosemary kìlọ̀ pé n ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìyá rẹ nìkan ni mo sọ ọ́ fún lórí fóònù. Ìyá rẹ náà kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi àwọn tó jókòó tì í nígbà tó fi fóònù sórí sípíkà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Lèmọ́ọ̀mù pè mí, ó ní ọ̀rọ̀ tí mo mú yẹn dára, ṣùgbọ́n kí n gbìyànjú kí n fi nọ́ńbà díẹ̀ sí i.

Gbogbo èyí kọ́ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ Jàbárù ni. O mọ Jàbárù ará ìlú wa tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì àti àga ní Kugbo, o sì mọ àbúrò rẹ̀, Hafeez, tó ń fọ́ òkúta ní Mpape. Ó ti pẹ́ tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, ilé tí ìyá wọn fi sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló fà á. Nígbà tí ìyá náà wà lórí àìsàn, Jàbárù fi fóònù ká fídíò rẹ̀. Jàbárù ń búra pé nínú fídíò yẹn ni ìyá àwọn ti fi ilé náà fún òun. Hafeez, tó wọlé nígbà tí fídíò ń parí lọ, ń búra pé orúkọ òun ni òun fi etí ara òun gbọ́. Ìyá kú láìpẹ́ sí i, fóònù náà bàjẹ́, ẹni tó bá wọn yọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sì di gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan sínú káàdì kékeré kan. Kò sí fóònù tó rí i ṣí láti ọjọ́ náà.

Ilé yẹn ló wá ń jìyà rẹ̀. Bí Jàbárù bá mú káfíńtà lọ, Hafeez á lé e. Bí Hafeez bá mú bíríkìlà lọ, Jàbárù á pe ọlọ́pàá. Òjò ọdún yìí ti wó ògiri ẹ̀yìn, àwọn àgbà ẹbí sì ti ní bí wọn ò bá yanjú rẹ̀ kí Iléyá tó dé, àwọn á ti ilé náà mọ́ àwọn méjèèjì.

Jàbárù wá kí mi lọ́jọ́ Sátidé, ó bá mi nídìí kọ̀ǹpútà. Mo fọ́nnu díẹ̀. Mo ní kò sí ohun tí wọn kì í fi ṣe sàráà níbẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó yọ káàdì náà nínú ọ̀rá tó wé e sí, ó bi mí bóyá sàráà tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣí i lẹ́yìn Hafeez. Ó bínú dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó ní ta ló fẹ́ pè é? Èmi ni mo pè é. Hafeez ní òun ò lè bá Jàbárù jókòó nínú yàrá kan. Mo ní kó wá dúró.

Wọ́n wá lọ́jọ́ Àìkú. Hafeez dúró lóòótọ́, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, eruku òkúta wà lójú rẹ̀ títí dé ìpéǹpéjú. Jàbárù jókòó, ó kọjú sí fèrèsé. Rosemary ki káàdì bọ inú ẹ̀rọ, ó ní wọ́n dì í ni, 7-Zip, ọ̀kan lára àwọn ọ̀fẹ́ yẹn, ló máa tú u. Mo ní síìpù méje kẹ̀? Láti kékeré ni mo ti ń ránṣọ, mi ò tíì rí ṣòkòtò tó nílò ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan náà tú.

Ohun tó tún yọ jáde dẹ́rù bà mí. Ọ̀kan lára àwọn nǹkan ṣóńṣó pupa rúsúrúsú onílà funfun ni, irú èyí tí wọ́n ń tò sójú títì Nyanya. Mo sọ fún Rosemary pé kó dúró, wọ́n ti dí ọ̀nà. Hafeez sọ láti ẹnu ọ̀nà pé ó jọ pé wọ́n ń tún nǹkan ṣe níwájú ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Rosemary rẹ́rìn-ín, ó ní àmì VLC ni, ọ̀fẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń wo fídíò, pé kò sí fídíò tó ń kọ̀.

Ìyá wọn bá yọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ni àwòrán náà dùbúlẹ̀ sí, gbogbo wa sì gbé orí sí ẹ̀gbẹ́. Ìyá ní kí Jàbárù yé tan tọ́ọ̀ṣì sí òun lójú. Jàbárù inú fídíò ní kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì, kí Ìyá sọ ọ̀rọ̀ ilé. Ìyá bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní ọbẹ̀ ilá wà lórí ààrò, kó bu ú, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan ìrù ẹja, ti Hafeez ni, ó wà lọ́nà. Jàbárù tún ní ọ̀rọ̀ ilé ńkọ́? Ìyá ní kó fi ilé sílẹ̀, ilé ò sá lọ síbì kan, kó bá òun na ìró òun dé ẹsẹ̀. A gbọ́ tí Hafeez kí ilé láti ìta. Ẹ̀rín bo ojú ìyá náà. Ó jókòó dáadáa, ó tún gèlè ṣe, ó ní ó dáa, Hafeez náà ti dé, wọ́n ti pé, kí Jàbárù sọ fún òun tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká fídíò náà, kí òun lè ṣàdúrà fún wọn. Ibẹ̀ ló parí sí.

Ìyá wọn kò dárúkọ ẹni tó ni ilé rárá, Nafisah. Àwọn méjèèjì ti ń búra lórí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, mo sì rò pé ó dá wọn lójú gan-an ni.

Hafeez ní kí Rosemary tún fi fídíò náà hàn. Ó ti jókòó kí ó tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìrù ẹja, Jàbárù fọwọ́ bojú, ó ní òun jẹ ẹja náà. Hafeez ní òun mọ̀, òun rí egungun rẹ̀ lẹ́yìn ààrò. Jàbárù ní kí ló dé tí kò wí? Hafeez ní Ìyá ń ṣàìsàn, òun ò fẹ́ kó gbọ́ ariwo. Wọ́n wo ara wọn, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, ó sì pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró, nígbà tó yá mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni mọ́. Rosemary wọ inú kíṣìnì lọ wá omi tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè.

Wọ́n ti jọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ Ẹtì. Jàbárù kó ilẹ̀kùn àti fèrèsé láti Kugbo. Hafeez ní òun máa kó òkúta láti Mpape. Mo ní òkúta wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní kì í ṣe irú èyí.

Nítorí náà, ọmọ mi, yé san owó ọdọọdún yẹn, kí o sì fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ, nítorí dátà rẹ ti tán. Wáàsí ló jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, bọ́ọ̀lù ló jẹ ìyókù. Rosemary tún ní ibì kan wà tí èèyàn ti lè ta àwọn olóore yẹn lọ́rẹ tó bá wù ú. Fi nǹkan sí i lórúkọ èmi àti Jàbárù. Mo fẹ́ rán fìlà sí wọn pẹ̀lú, nítorí náà bá mi bèèrè ìwọ̀n orí wọn, kí o sì ra aṣọ òkè tó dáa bọ̀, nítorí mi ò mọ iye tí wọ́n jẹ́.

Ọlọ́run yóò fi ọkọ rere pàdé rẹ, yóò mú ọ rìn níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, ohun tí o bá fọwọ́ rẹ kó jọ kò ní di ìjà lẹ́yìn rẹ. Rosemary ní bí mo bá ti tẹ bọ́tìnì yìí, lẹ́tà á ti dé Bauchi kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. Mo ní kí ó rọra, ọ̀nà ò dára.

Nígbà tí o bá dé, mo fẹ́ kí o ká fídíò èmi náà sílẹ̀, èmi àti ìyá rẹ. Má sọ fún wa tí o bá ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ,
Akóredé