Verlene, Ìkòkò Ẹ̀wà Rẹ Ti Padà Sórí Iná

Ọdún mẹ́rin rèé, Verlene! Ọdún mẹ́rin rèé tí o fi èmi Alcide, ọkọ rẹ, àti Noelie ọmọ wa sílẹ̀ ní Louisiana níbí. Ikú dóró!

Kí la fẹ́ ròyìn fún ọ? Yàrá tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó kán lẹ́sẹ̀ sí. Ẹ̀rọ ló ń fi ìkìlọ̀ nípa máàkì ránṣẹ́ sórí fóònù wọn báyìí, wọn kì í tilẹ̀ kà á. Bí wọ́n bá ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìṣirò àkọ́kọ́, kálukú á rò pé òun nìkan ni olódo, á yọ́ lọ yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà. Delano, ọmọ àbúrò rẹ tó fẹ́ di ẹnjiníà, ti padà sídìí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó edé lójú omi. Ó dùn wá, ó dùn wá gan-an!

Nígbà tí o wà láyé, ta ló jẹ́ yọ́ lọ? Lọ́jọ́ Ajé tí máàkì bá jáde, o máa ń gbé ẹ̀wà pupa kaná nílé wa, gbogbo wọn á wá. Ẹni tí kò bá kígbe máàkì rẹ̀ síta kò ní í fọwọ́ kan oúnjẹ. Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ kígbe èyí tí o gbà nígbà tìrẹ: "Mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún! Ẹnjiníà yín nìyí o! Ta ló kù?" Ẹ̀rín á gba ilé kan.

Noelie wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lọ́dún yìí, iṣẹ́ ẹnjiníà rẹ lòun náà fẹ́ ṣe. Ó gba méjìlélógún nínú ìdánwò ìṣirò àkọ́kọ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. "Dádì, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Orí Mọ́mì kọ́ ló wà lọ́rùn mi." Ẹkún ni mo sun.

Mo gbé ìkòkò rẹ kaná. Ìdí ẹ̀wà jóná, má bínú. Mo ránṣẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ Noelie ní kíláàsì. Díẹ̀ ló wá, Noelie náà jáde ní yàrá. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wolẹ̀. Jórinjórin ni mí, n kò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, èmi kò ní máàkì kankan tí mo lè kígbe. Ni ọmọ rẹ bá dìde pẹ̀lú omijé lójú: "Mọ́kàndínlógún! Ti màmá mi nìyẹn. Mo fi mẹ́ta jù wọ́n lọ!"

Méjì nínú wọn ṣì fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Noelie kò tí ì kúrò. Ìdánwò kejì ń bọ̀, ọkàn wa kò balẹ̀.

Verlene, àárò rẹ ń sọ wá! A ṣì fẹ́ràn rẹ. Lọ́jọ́ Ajé tí máàkì bá tún jáde, tìrẹ la ó kọ́kọ́ kígbe.