Àwọn Àlejò Onírì Tí O Kó Wá Sílé

Ọmọ mi àtàtà, ẹrù tí mo pọ̀n tí kò wọ̀ mí lọ́rùn,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara yá gágá? Ooru inú yàrá rẹ tí kò ní fèrèsé yẹn, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó sè ọ́ jinná. Àwa náà wà, a ń mí. Orúnkún ṣì ń dun bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún rárá, nítorí náà ilé ò dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò rẹ ni mo torí ẹ̀ gbé kálámù. Ìkòkò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí o fi ránṣẹ́ gúnlẹ̀ láyọ̀. Mo rántí gbogbo ohun tí o sọ: pé ọ̀gá yín ní ọgbà ewéko fún ìwọ àti ẹni tí ẹ jọ ń du iṣẹ́ ní mẹ́fà mẹ́fà, pé ẹni tí tiẹ̀ bá la ìgbà òtútù já ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ pátápátá, àti pé yàrá rẹ gbóná jù fún wọn, lo ṣe kó wọn sábẹ́ ọwọ́ mi. Látọjọ́ náà ni ọkàn mi ò ti balẹ̀.

Nígbà tí mo tú wọn, mo ní àbí ẹni tó kó wọn wá ti jí àwọn tó tóbi níbẹ̀ ni. Ewéko tí kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ! Mo wọ awò ojú mi, mo sún mọ́ ọn, ẹnu mi ò lè pa dé mọ́. Irun pupa wẹ́wẹ́, ìrì lórí ìkọ̀ọ̀kan, oòrùn ọ̀sán gangan sì ń ràn, ìrì náà ò gbẹ. Kòkòrò kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí bà lé e, ó lẹ̀ pẹ́kẹ́, ewé náà sì ń ká mọ́ ọn jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí àgbàlagbà ń di ẹ̀ṣẹ́. Mo pe bàbá rẹ. Ó wò ó títí, ó ní ogójì ọdún lòun fi dáko tí kòkòrò ń jẹ ewé òun, òun ò mọ̀ pé ọjọ́ ẹ̀san ń bọ̀.

Ọ̀pá onígíláàsì tí o fi kún ẹrù náà, tó ń sọ bí ilé ṣe gbóná tó, mo lò ó dáadáa. O ní bó bá kọjá ọgbọ̀n kí n wá nǹkan ṣe. Ọjọ́ tó kọjá ọgbọ̀n, kíá ni mo ti ọ̀pá náà bọ omi tútù, ó sì wálẹ̀ sí ogún, mo dúpẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí bàbá rẹ tó bi mí pé tí ibà bá ń ṣe òun, ṣé fìlà òun ni mo máa rẹ sómi. Ìgbà náà ló yé mi. Mo gbé wọn lọ sójú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé, níbi tí oòrùn ń dé ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn ń fẹ́ ooru lọ.

O tún ní omi tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ ni kí wọ́n máa mu, kì í ṣe omi kànga. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù, ló bá gbé ìgò òfìfo lé mi lọ́wọ́, ó ní ìyẹn nìkan lòun ní tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Omi òjò ni mo wá ń gbé ike sábẹ́ òrùlé gbà fún wọn.

Wàyí o, jókòó kí o tó ka èyí. Ọ̀kan kú, ọwọ́ mi ló sì kú sí. Ojú ló ń tì mí pé ohun tí kò ju bọ́tìnnì ń gbé nínú ìkòkò tó jìn bẹ́ẹ̀, bíi pé à ń fi ẹni kúkúrú ṣe yẹ̀yẹ́. Mo hú u kí n gbé e sínú ọmọ àwo tó bá a mu. Yéè! Gbòǹgbò tó ń bọ̀ nílẹ̀, tín-ín-rín bí òwú dúdú, ó gùn ju ìka mi lọ, ó sì já. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìrì ti gbẹ.

Mo sunkún. Mo wá ń ṣọ́ márùn-ún tó kù bí ẹyin. Òtútù dé, wọn ò yọ ewé tuntun mọ́, àfi èélá kan tó bò wọ́n láàárín orí, wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Mo ní ó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo rọra ń họ ọ́ fún wọn, èélá náà sì ń ta dànù, ó ń bọ́ sínú ìkòkò ẹni tó kú, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì tutù.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fẹ́ da iyẹ̀pẹ̀ yẹn nù. Ìrì ni mo rí! Ìrì tó rí wínníwínní bí orí abẹ́rẹ́, káàkiri ojú iyẹ̀pẹ̀. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mẹ́tàlélógójì. Ohun tí mo pè ní èélá, ọmọ ni wọ́n ń bí! Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Bàbá rẹ ṣí fìlà, ó dákẹ́, o sì mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu nìyẹn fúnra ẹ̀.

Mo ti kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù ọ̀gá yín tí o fi ránṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Níbi tí wọ́n ti bèèrè iye tó kú, mo kọ ọ̀kan, torí mi ò kọ́ ọ ní irọ́. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ohun tó pa á, mo kọ pé ìyá ọmọ ni, kì í ṣe ọmọ. Wọn ò bèèrè iye tí wọ́n bí, mo bá kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn ìwé.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ìkòkò, àwọn tó jìn o. Bí ti orúnkún bàbá rẹ bá lè bá a wá, kò burú.

Bí o bá kéré lójú wọn níbẹ̀, má bínú. Ìrì rẹ kò ní gbẹ lójú oòrùn. Gbòǹgbò rẹ á jìn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kò sí ẹni tó máa hú ọ níbi tí o bá fìdí múlẹ̀ sí, pàápàá ẹni tó fẹ́ràn rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó pa ọ̀kan, tó gbẹ̀bí mẹ́tàlélógójì.