Ọta Márùn-ún Tí Verlin Fi Sílẹ̀

Ọdún márùn-ún rèé, Verlin ọkọ mi, tí o wọ yàrá iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé láti lọ ki ẹ̀tù sínú ọta ìbọn, tí o kò padà wá jẹun. Mo bá ọ lórí àga. Ọkàn rẹ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ sì wà lórí irin tí o fi ń tẹ ọta, irin náà ti wálẹ̀ pátápátá. Áà! Verlin!

Ọta márùn-ún lo ti parí. O kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: ìwọ̀n ẹ̀tù, bí o ṣe ki orí ọta jinlẹ̀ tó, bí ojú ọjọ́ ṣe tutù tó. Ibi tó yẹ kí o kọ eré ọta sí nìkan ló ṣófo. O fi pẹ́ńsù kọ iye tí o rò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 2,740 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ló ń fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún opó?

Lọ́dọọdún, ní Sátidé tó bá ṣáájú àyájọ́ ikú rẹ, èmi àti Darcy ọmọ wa máa ń lọ yin ẹyọ ọta kan níwájú ẹ̀rọ tó ń wọn eré, ká lè bá ọ dí àlàfo náà.

Lọ́dún kìíní, Darcy gbàgbé ọta síwájú ọkọ̀, oòrùn ta sí i. Eré rẹ̀ kọjá ààlà. Ó ṣe mí bíi pé mo gbọ́ ohùn rẹ: "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ẹ̀tù tó bá gbóná, eré àsápajúdé ló ń sá! Ṣé ẹ fẹ́ fọ́ ìbọn mi ni?" Lọ́dún kejì, yìnyín mú un, ó falẹ̀. Lọ́dún kẹta, ìbọn kúkúrú ti ọkọ Darcy la lò. Ẹ̀tù ò ráyè ti ọta dáadáa kó tó bọ́ síta. Lọ́dún kẹrin, a yìn ín tán ká tó rántí pé a ò tan ẹ̀rọ. A rẹ́rìn-ín, a sì sunkún.

Ilé ń lọ. Òrùlé abà tí o bẹ̀rẹ̀, a ti parí rẹ̀. Darcy ti bímọ ọkùnrin, etí rẹ gan-an ló gbé wáyé.

Ṣùgbọ́n irin tí o fi ń tẹ ọta yẹn! Lálaalẹ́ ni mo ń gbé e sókè kí n tó ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ, kọ́kọ́rọ́ sì ń bẹ lọ́rùn mi. Tílẹ̀ bá mọ́, á ti wálẹ̀. Darcy ní, "Màmá, sípíríńgì rẹ̀ ló ti gbó." Mo ní, "Sípíríńgì wo? Ó ní sípíríńgì ni?" Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Nígbà tó yá, ó di ẹ kú àárọ̀ èmi àti ìwọ.

Sátidé tó kọjá, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Darcy ní, "Màmá, tá a bá yìn ín, iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá tán nílé ayé nìyẹn o." Mo ní kó yìn ín. Ìbọn rẹ la lò. Òtútù ọjọ́ tí o lọ gan-an ló ń mú. Abẹ́ òjìji la fi ọta sí, a ò sì jẹ́ kó pẹ́ nínú ìbọn. Ẹ̀rọ kọ 2,738. Ẹsẹ̀ méjì péré ló fi dín sí iye tí o rò! Mo mọ̀ pé wàá ní ọta kan ò tó í ṣe ẹ̀rí, síbẹ̀ mo kọ ọ́ sínú àlàfo náà.

Láti ọjọ́ yẹn, irin náà ò wálẹ̀ mọ́. Òkè ni mo ń gbé e sí, òkè náà ni mo ń bá a.

Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé o ti sinmi. Mi ò dúpẹ́! Verlin, àárò rẹ ń sọ wá, ìfẹ́ rẹ ò dín lọ́kàn wa. Láàárọ̀ yìí, mo mú ìwé rẹ, mo pa iye tí mo kọ rẹ́. Àlàfo rẹ ti ṣófo padà, iṣẹ́ rẹ ò tíì parí. Jọ̀ọ́, wá fa irin rẹ wálẹ̀.

Noreen, aya rẹ.