Ibi Tí Pansy Kó Agbo Ẹṣin Lọ

Oko Haugland,
Ẹ̀yìn Odò Gray Willow,
Montana.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 1930.

Zella, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Jọ̀wọ́, kí o tó ka ibì kankan, foríjì mí nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwọ náà mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo kà mọ, àti pé ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo máa ń yọjú sí kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ̀rọ̀ mi kì í tètè jáde lẹ́nu, kì í sì í tètè jáde lọ́wọ́. Tí o bá rí ibi tí tàdáwà ti ṣàn, ajá ló fi ìrù gbá mi lápá, kì í ṣe ẹkún.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ rélùwéè yẹn kò ba ara wọn jẹ́ jù? Ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń rákò, pé ó ti fa kọfí dà lé aṣọ tábìlì. Inú mi dùn, àfi bíi pé ojú mi ló ṣe é. Ikọ́ Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fi wọ́n sílẹ̀? Ní tiwa, a dúpẹ́. Ara mi le. Ara Eivind ọkọ mi náà le bí òkúta. Ìkòkò ọbẹ̀ lo lè bi léèrè.

Zella, mi ò mọ bí n ṣe lè sọ ibí yìí fún ọ. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì jí. Láàárọ̀, kùrukùru á rọra sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé. Á bo koríko, á bo ọgbà wáyà, á wá ku orí àwọn ẹṣin nìkan, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ bíi pé inú wàrà ni wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́. Èmi á dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná títí ife kọfí á fi tutù sí mi lọ́wọ́. Rask, ajá àgbà, á gbé àgbọ̀n lé bàtà mi. Kip, ajá kékeré, á máa sá yí ilé po, á máa gbó kùrukùru. Ragna àbúrò ọkọ mi ló máa ń ta mí jí. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ìsinmi. Á ní, "Ìyàwó wa, ṣé o ti dé ọ̀run ni? Tí o bá ti dé, bá wa kí wọn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yí búrẹ́dì yẹn kó tó jó."

Wọ́n ń ṣìkẹ́ mi. Màmá, ìyá ọkọ mi, kì í jẹ́ kí n dá gbé korobá omi. Bàbá ọkọ mi ni mi ò mọ ojú wọn. Wọ́n ga, wọ́n dákẹ́, ẹṣin ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀ ju ènìyàn lọ. Tí wọ́n bá ti wọlé báyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu á fọ́n ká bí òròmọdìyẹ tó rí àṣá. Mo fẹ́ kí wọn káàárọ̀ lọ́jọ́ kan, ikọ́ ló jáde. Wọ́n ní kí Màmá fún mi ní oyin.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Pansy ló mú mi jókòó kọ̀wé. O rántí Pansy, abo ẹṣin pupa tí bàbá mi fún mi kí wọ́n tó kú. Yàtọ̀ sí aṣọ mi, òun nìkan ni mo mú láti ilé wá. Nílé ọkọ mi níbí, tí wọ́n bá ti kó koríko ìgbà òtútù jọ tán, wọ́n á tú àwọn ẹṣin sílẹ̀ lọ sórí òkè, kí wọ́n lọ sinmi títí òjò dídì á fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kankan kì í ṣọ́ wọn. Abo ẹṣin kan ṣoṣo ni wọ́n ń so agogo mọ́ lọ́rùn. Ibi tí agogo bá lọ ni agbo ń tọ̀, láti ilé ni a ó sì ti máa gbọ́ pé wọn ò rìn jìnnà. Brita ló ń gbé agogo náà láti ìgbà tí Eivind ti wà lọ́mọdé. Ìgbà ooru tó kọjá yìí ni ogbó pa Brita.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tú wọn sílẹ̀, Bàbá ò sí nílé, wọ́n lọ bá aládùúgbò pakà. Ni Eivind bá mú agogo, ó nù ún títí ó fi ń dán, ó sì so ó mọ́ Pansy lọ́rùn, nítorí àwọn ẹṣin tó kù ti ń tẹ̀ lé Pansy kiri bí ọmọ ìyá kan náà. Ó ní kí n lè máa gbọ́ ẹṣin mi kí n tó lajú. Zella, ẹnì kan ò ṣe irú rẹ̀ fún mi rí.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń nu ọwọ́ sí aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n so mọ́dìí. Wọ́n ní, "Eivind, ẹṣin àlejò mà nìyẹn."

Eivind rẹ́rìn-ín. "Àlejò wo, Màmá? Ṣé ìyàwó mi ṣì ń ṣe àlejò ni?"

Màmá wò mí. Wọ́n wọlé padà.

Láàárọ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ń gbọ́ agogo náà nínú kùrukùru bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi ṣíbí kan ife ní yàrá tó jìnnà. Mo máa ń tún sùn lọ lórí ohùn rẹ̀, n ó sì máa lá àlá ọ̀nà odò, àlá géètì wa, àlá igi àpù tí ewé rẹ̀ ń já. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Eivind ní afẹ́fẹ́ ló gbé ohùn náà lọ síbòmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́ tí a ò gbọ́ ọ, ó gun òkè lọ, ìgbẹ́ ẹṣin tó ti gbẹ ló bá níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá dé. Ẹ̀yin ará ìlú lè ní ẹṣin tó sá á padà. Níbí, ẹṣin ló ń fa koríko lọ fún màlúù nígbà tí òjò dídì bá bo ilẹ̀. Tí ọ̀nà orí òkè bá dí kí wọ́n tó padà, ebi á pa ẹṣin sọ́hùn-ún, á pa màlúù sílé. Ojú ọ̀run sì ti ń ṣú lápá àríwá.

Níbi oúnjẹ alẹ́, Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ta ló so agogo mọ́ ẹṣin yẹn lọ́rùn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"O gbé agogo ilé fún ẹṣin tí kò tíì mọ ilé. Ẹṣin tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíì!"

"Ẹ dákun, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká wá wọn ná."

Bàbá ní a ó wá wọn. Ṣùgbọ́n tí a bá rí wọn, kí Pansy máa bá oníṣòwò ẹṣin tó ń bọ̀ ní Sátidé lọ. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹṣin tó bá ti ṣi agbo lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, á tún un ṣe. Wọ́n gé ẹran wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọn ò sì jẹ ẹ́.

Zella, mo mọ ibi tí wọ́n wà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Pansy kúkú gbọ́ òwe yẹn, ilé tí wọ́n ń wí ló kàn ṣì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jókòó sí mi lọ́fun títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí ó dà bíi pé tí mo bá sọ ọ́, ara mi ni mo fi sùn yẹn. Eivind ti di gàárì, ó fẹ́ gba apá àríwá lọ. Bàbá ń wọ bàtà. Ni mo bá gbọ́ ohùn kan tó ní, "Bàbá, wọ́n ti kọjá odò. Ilé wa ni wọ́n lọ." Àṣé ohùn mi ni.

Bàbá gbójú sókè. "Ẹṣin wa kì í dá odò yẹn kọjá. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Nítorí ibẹ̀ ni èmi náà ì bá lọ, sà."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Bàbá kàn wọ bàtà kejì, wọ́n ní, "Wá ẹ̀wù tó nípọn. Ìwọ àti èmi la jọ ń lọ."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹṣin tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ni wọ́n fún mi. Eivind ló gbé mi lé e. Kò fi ìjánu náà sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó rọra bi mí pé, "Verna, ṣé o fẹ́ padà sílé ni?"

Mo ní, "Rárá o. Àárò ilé ló kàn ń sọ mí. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà."

Ó ro ó wò. Ó ní, "Ó dáa. Tí o bá débẹ̀, bá mi kí bàbá rẹ."

A gba ọ̀nà odò, èmi àti Bàbá. Rask ń lọ níwájú, kùrukùru ń gbé e mì, ó tún ń pọ̀ ọ́ jáde. Nígbà tí a dé bèbè odò, Bàbá sọ̀kalẹ̀ wo ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹṣin pọ̀ níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ àwọn tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní, "Hẹ̀n-ẹ́n." Ìyẹn nìkan.

Ilé wa ti ṣófo láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, o mọ̀. Mo rò pé n ó bú sẹ́kún tí mo bá fojú kàn án. Agogo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kùrukùru ṣí bí aṣọ ìkélé, mo sì rí gbogbo wọn nínú àgbàlá wa. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́, èémí wọn ń rú bí èéfín, bí àlejò tó ń retí kí onílé ṣílẹ̀kùn. Pansy ló wà níwájú. Ó gbé àgbọ̀n lé géètì, ó ń wo ilẹ̀kùn tí bàbá mi máa ń gbà jáde láàárọ̀. Ewé àpù ti já sí i lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, Zella. Ó ti fi ẹsẹ̀ gún ibẹ̀ di ẹrẹ̀.

Bàbá ò wọ àgbàlá. Wọ́n dá Rask dúró, wọ́n ní, "Ẹṣin rẹ ni. Ṣe é bí o ṣe mọ̀ ọ́n ṣe."

Mo lọ bá a, mo gbé orí ti ọrùn rẹ̀. Mo sọ fún un létí pé kò sí ẹni tó máa jáde mọ́. Mo ní, wọ́n ti lọ, Pansy, wọ́n ti lọ tipẹ́, jẹ́ ká máa lọ. Mi ò mọ̀ bóyá òun ni mò ń sọ ọ́ fún. Mo sunkún díẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Bàbá ti kẹ́yìn sí wa, wọ́n ń ká àpù sínú fìlà wọn bí ẹni pé torí àpù gan-an ni wọ́n ṣe wá. Mo gun Pansy láìsí gàárì. Kò kọ́kọ́ mira. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀, ó yí padà, agogo dún, gbogbo agbo sì tò tẹ̀ lé wa.

Orí òkè ni òjò dídì àkọ́kọ́ ti bá wa, ó ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí gọ̀gọ̀ àwọn ẹṣin, kò sì pariwo rárá. Mo gbọ́ agogo lábẹ́ mi, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn mi, mi ò sì mọ̀ bóyá ilé ni mò ń lọ tàbí ilé ni mo ti ń bọ̀. Bàbá béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. "Bàbá rẹ ló gbin igi àpù yẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní, "Wọ́n mọ igi í gbìn."

Ọjọ́rú nìyẹn. Òní ti di Ẹtì. Ọ̀la ni oníṣòwò ẹṣin ń bọ̀, Bàbá kò sì tíì yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Eivind ti bẹ̀ wọ́n. Màmá ti bẹ̀ wọ́n. Èmi ni mi ò tíì lè bẹ̀ wọ́n. Bóyá gbogbo ẹnu tí mo ní ni mo ti ná láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Tí wọ́n bá mú un lọ, n ó ṣe ara gírí. Mo nífẹ̀ẹ́ ilé yìí, Zella. Mo kàn fẹ́ kí ohun kan tó mọ bàbá mi bá mi gbé inú rẹ̀ ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ fún mi, kí o sì sọ fún Màmá rẹ pé oyin dára fún ikọ́, a ti dán an wò níbí. Gbàdúrà fún Pansy. Mo mọ̀ pé àdúrà ẹṣin kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bá mi gbà á.

Tìrẹ ni mo jẹ́, nítòsí àti lókèèrè,
Verna.

Zella, Ragna ò tíì gbé lẹ́tà lọ, ni mo bá tún ṣí i. Ariwo kan ló ń dún lábẹ́ fèrèsé, mo rò pé Eivind ló ń la igi. Bàbá ni. Wọ́n ti yí kùkùté ńlá kan wá láti ẹ̀yìn ilé ẹṣin, wọ́n ń fi àáké gbẹ́ ojú rẹ̀ kó lè gba òkúta iyọ̀. Màmá ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi: wọ́n ní ibi tí ẹṣin bá ti ń lá iyọ̀ lójoojúmọ́ ló máa ń kà sí ilé, bí o bá tú u sílẹ̀ níbikíbi, ibẹ̀ ló máa padà sí. Ẹ̀gbẹ́ ilé ẹṣin ni iyọ̀ ilé yìí máa ń wà, nítòsí Bàbá. Wọn ò gbé e sábẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni rí.

Ragna ti yọrí síta. "Bàbá, oníṣòwò ọ̀la wá ńkọ́?"

"Kó wá mu kọfí."

"Ẹ̀yin lẹ sì ní ọ̀rọ̀ yín kì í yí padà!"

"Tìrẹ ni kò yí padà. Wọlé, jàre, lọ wá nǹkan ṣe."

Wọ́n ti mú Pansy dé. Wọ́n ti gbé iyọ̀ náà sórí kùkùté, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọwọ́ bò ó, wọn ò jẹ́ kó lá a. Fèrèsé ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń pè mí. "Verna! Ṣé ọwọ́ tèmi ló yẹ kó ti kọ́kọ́ lá a ni? Jáde wá, ọmọ mi, ẹṣin rẹ ti ń jẹ apá ẹ̀wù mi." Zella, mo ń sáré lọ, jẹ́ kí n