N Kò Kun Gìtá Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Àfísù,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ní Toronto. Àlàáfíà la wà ní Fante New Town. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀, Hamdia ìyàwó mi sì ti bí obìnrin.

Ẹ ní mo ti kun gìtá oníná tí Bàbá fi sílẹ̀ ní ọ̀dà tuntun, torí fótò rẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹbí láti fi yangàn. Ó dùn mí, nítorí ọdún méje ni mo fi kọ́ṣẹ́ àtúnṣe gìtá, mo sì mọ̀ pé a kì í fi ọ̀dà tuntun ba gìtá àtijọ́ jẹ́. Iná gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù mi ló sọ pupa rẹ̀ di àwọ̀ kòkó gbígbẹ nínú fótò náà. Láàárọ̀ yìí mo pa iná, mo ta ìbòrí funfun Màmá bo fèrèsé, mo jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, mo sì ya fótò mìíràn.

Ẹ wo ẹ̀yìn gìtá nínú fótò tuntun yìí: orúkọ yín, tí ẹ fi ìṣó ha síbẹ̀ lọ́mọdé, hàn kedere. Ká ní mo kùn ún ni, ọ̀dà ìbá ti bò ó.

Màmá náà ti kà á. Wọ́n ní, "Ei, Àfísù ló ha á? Sàláúdéènì ni mo wá nà nítorí rẹ̀ nígbà náà."

Ọlọ́hun á ṣọ́ yín. Ẹ bá mi sọ fún ẹbí pé n kò kùn ún, kí ẹ sì pe Màmá. Wọ́n ní ẹgba yín ṣì wà nílẹ̀.

Àbúrò yín,
Sàláúdéènì