Àkísà Inú Táǹkì Ọkọ̀ Bàbá Wa

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Ìyàwó mi tó ń bá mi kọ̀wé kí ọ. Orúnkún mi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Lánàá, mo gbà kí mẹkáníìkì yẹ ọkọ̀ akẹ́rù bàbá wa wò. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbiná, torí epo dísù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ló bá fa àkísà yọ lẹ́nu páìpù inú táǹkì, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé òtútù ń mú táǹkì lẹ ṣe wọṣọ fún un?"

Èmi ni mo fi àkísà yẹn dí ẹnu táǹkì nígbà tí ìdérí rẹ̀ sọnù; mi ò mọ̀ pé ó ti já sínú. Ìwọ tó o wa ọkọ̀ kẹ́yìn ni mo lé kúrò nílé, pé o ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, tí ọkọ̀ kò fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí àìsàn bàbá le, tí bàbá fi kú ká tó dé ọsibítù.

Bí mo bá dijú báyìí, mo ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe ń yí lásán lọ́jọ́ yẹn, tí bàbá ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo jẹ̀bi. Wá bú mi lójúkojú. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n kú kí o tó dé.