Yàrá Onígíláàsì Ìyá Òkè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ

Asparuh káfíńtà lẹ gíláàsì tó kẹ́yìn lónìí. Yàrá parí. Ẹ̀yìn ilé tó jẹ́ pé igi ìdáná àti kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ là ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di gíláàsì ní ọ̀nà mẹ́ta, òrùlé pákó lókè, ojú rẹ̀ kọ sí gúúsù. Velko ọkọ mi dúró láàárín rẹ̀, ó ń yí po bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ojú omi.

Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la. Wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wọn lórí òkè ní oṣù Kẹfà, dókítà sì ní wọn ò gbọdọ̀ dá gbé mọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọ́n ní àwọn ò ní sọ̀kalẹ̀ wá kú sínú ilé tó ṣókùnkùn. Tí a bá fẹ́ kí àwọn wá sí ìlú wa ní Troyan, ká fún àwọn ní ibi tí oòrùn ti ń wọlé láti àárọ̀ dalẹ́. Ni Velko bá kọ́lé oòrùn. Ọkùnrin tí mo ń pè ní Ó-Dọ̀la, tó fi ọdún mẹ́rin gbọ́ ariwo ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa tí kò fi òróró sí i! Oṣù kan àtààbọ̀ ló fi ṣe é.

Mo fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ka ojú ọjọ́ ní ibùdó ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì. Ọwọ́ mi ò lè sinmi. Mo ti gbé ìwọ̀n-ooru kọ́ ibẹ̀. Agogo mẹ́ta ọ̀sán: ìta 33, inú 39. Mo sọ fún Velko. Ó ní ká ṣí fèrèsé. Mo ní fèrèsé ti ṣí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Wọ́n dé. Àpò irun àgùntàn méjì, ẹ̀wà ìgò kan, òdòdó inú agolo. Wọ́n wo yàrá náà lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀. Wọ́n ní, "Ilé tòmátì lẹ kọ́ fún mi." Velko rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó, wọn ò sì dìde títí oòrùn fi wọ̀.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ti wọ ilé yìí. Lójú wọn, èmi ni mo fà á sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Wọn kì í pe orúkọ mi. "Ìyàwó Velko" ni. Lójúkojú, Màmá ni mò ń pè wọ́n. Nínú ọkàn mi, Ìyá Òkè.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá

Agogo méjì: inú 43. Mo ta kọ́tìnì funfun sí gbogbo gíláàsì láti inú. Kò ṣe nǹkan kan. Kọ́tìnì fúnra rẹ̀ gbóná bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Oòrùn ti wọlé tán kí kọ́tìnì tó rí i.

Mo ní kí Màmá bọ́ sí pálọ̀. "Oòrùn ni mo ní mo fẹ́, ẹ ti fún mi. Fi mí sílẹ̀ kí n jẹ oúnjẹ mi."

Yàrá náà ti lórúkọ — Ààrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá

42. Aṣọ tútù lórí, wọ́n ń hun ìbọ̀sẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta la bára wa sọ látàárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá



Mo lọ ra ata lọ́jà. Mo pẹ́. Nígbà tí mo dé, Màmá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àga, ìbọ̀sẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀, ètè wọn gbẹ bí èèpo igi. Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Mo gbé wọn — wọn ò wúwo rárá! — mo tẹ́ wọn sórí ilẹ̀ tútù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo da omi sí wọn lọ́rùn, mo da á sí abíyá. Wọ́n lajú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: "O ti ba aṣọ mi jẹ́."

Dókítà ní ooru ni, àti àìmu omi. Ó ní tó bá jẹ́ wákàtí kan sí i ni… Kò parí rẹ̀.

Velko dé, ó jágbe mọ́ mi. Ṣé n kò mọ ooru ni? Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kà á? Ìyá rẹ̀ ló dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Pa ẹnu ẹ mọ́. Orí kunkun tèmi ni."

Òótọ́ rèé, ìwé nìkan ló máa gbọ́ ọ. Kí n tó jáde mo ti wo ìwọ̀n-ooru. 38, agogo mẹ́wàá àárọ̀. Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo mú àpò mi, mo jáde. Mo fẹ́ kí ooru kọ́ wọn lọ́gbọ́n, torí ẹnu mi ti kọ́ wọn tì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Asparuh wá. Òun ló kọ́ yàrá, ojú ń tì í díẹ̀. Ó ní ká ra amúlétutù, ìyẹn ló kù. Velko ti fẹ́ gbà. Mo ní rárá, ká kọ́kọ́ dá oòrùn dúró kó tó kan gíláàsì. Ta ló máa ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ tí kò tíì dí ihò rẹ̀?

Asparuh ní kọ́tìnì ńkọ́. Ni Màmá bá sọ̀rọ̀ láti inú yàrá tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, àwa ò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ wa: "Káfíńtà, ṣé inú orí ni ìwọ máa ń dé fìlà tìẹ sí?"

Ohun tí mo ti ń wá ọ̀nà láti sọ láti ọjọ́ méjì rèé. Àwọn ló sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún

Ẹní esùsú, mẹ́fà. A fi wọ́n kọ́ ìta gíláàsì, èmi àti Velko lórí àkàbà, Màmá lórí àga lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n ń fi ọ̀pá darí wa. Sókè. Kò tó. Ó ti pọ̀ jù. "Ṣé ojú ẹ wọ́ ni, Velko, àbí ilé ló wọ́?" Ẹní tó ṣeé ká: a ó sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́sàn-án, a ó ká a sókè láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n lè rí oòrùn wọn.

Asparuh la ihò gbọọrọ méjì: ọ̀kan nísàlẹ̀ lápá ibi tí òjìji wà, ọ̀kan lókè pátápátá lábẹ́ òrùlé. Ooru a máa gòkè. Ẹ fún un ní ọ̀nà, yóò lọ. Mo gbé okùn òwú kan síbi ihò òkè. Ó ń fì síta. Mo dúró wò ó bí ọmọdé.

Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́

Ìta 35, inú 34. A jẹ bàrà tútù àti wàràkàṣì nínú Ààrò, àwa mẹ́ta. Màmá sọ bí Velko ṣe ṣubú sínú àgbá èso tí wọ́n fẹ́ fi pọn ọtí rakíà nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, tó fi àgbọ̀n gbá etí àgbá, tó sì sùn nínú ilé tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí lọ́jọ́ méjì torí kò fẹ́ kí wọ́n wẹ òun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń sọ fún mi pé ẹja ló gé òun jẹ lódò tí àpá fi wà ní àgbọ̀n òun!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án

Ata sísun látàárọ̀. Màmá ń bó èèpo rẹ̀ nínú yàrá, ọwọ́ wọn pupa dé ìgbúnwọ́. Inú 26. Bí ayé bá lè dúró síbí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá

Ìrì dídì àkọ́kọ́ lórí koríko. Nínú yàrá lówùúrọ̀: 6. Lọ́sàn-án, 24. Lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, wákàtí kan péré, 12. Gíláàsì ń làágùn, omi ń ṣàn wá sí ilẹ̀. Màmá nu ún pẹ̀lú aṣọ orí wọn, wọ́n ní oòrùn oṣù Kẹwàá ń parọ́ bí ọkùnrin tó ń wá ìyàwó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Amúlétutù dé, èyí tó tún ń múlé gbóná. Velko ló rà á, mi ò bá a jà. Màmá bi Asparuh kí lorúkọ rẹ̀. Ó ní amúlétutù. "O fẹ́ fi amúlétutù yá iná fún mi? Irú orúkọ wo lẹ tún sọ ọ́ yẹn?" Ó ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ń mí bíi baba Velko, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù Kọkànlá

Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀. 16, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Orí gbóná, ẹsẹ̀ ń kú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wá afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù gbogbo — ó ń wọlé níbi mẹ́rin. Mo wá fọwọ́ kan gíláàsì ìwọ̀-oòrùn. Ó tutù ju ìyókù lọ. Mo wo etí rẹ̀ dáadáa. Gíláàsì kan ṣoṣo! Méjì-méjì ni ìyókù, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ láàárín.

Mo pe Asparuh. Ó ní ọjà tán lọ́sẹ̀ yẹn, òun rò pé ẹ̀gbẹ́ ni, kò ní ṣe nǹkan. Mo ní kó wá fi ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sùn tì í.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Màmá ní àwọn ń lọ sílé. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán. "Oòrùn ìsàlẹ̀ yín ò lókun. Ó kéré tán, mo mọ ibi tí ààrò wà nílé mi." Velko gbé àáké. Ó jáde lọ la igi tó ti là tẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kínú mi dùn. Ní oṣù Kẹjọ, ì bá dùn.

Mo wọlé, mo jókòó sórí àpótí níwájú wọn, mo sọ ọ́. Pé mo ti rí 38. Pé mo mọ̀, mo sì jáde. Mi ò lè wo ojú wọn. Wọ́n ń hun nǹkan lọ. Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn rí mi. Àwọn rí mi nígbà tí mo wo ìwọ̀n yẹn, àwọn sì ń retí kí n wá fa àwọn jáde, kí àwọn lè rí ohun tí àwọn á bá mi jà lé lórí. "O jáde, mo jókòó. O fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n, èmi náà fẹ́ kọ́ ọ. Díẹ̀ ló kù kí ọgbọ́n pa mí."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ẹkún ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n nu ojú mi, pé ẹkún tí gíláàsì ń sun ti tó.

Lẹ́yìn náà: "Galena, ẹsẹ̀ ló ń tutù mí. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Galena. Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló wọlé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Wọ́n gbà láti dúró títí ilẹ̀ á fi parí. Títí ilẹ̀ á fi parí nìkan, wọ́n tẹnu mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Asparuh yọ gíláàsì ìwọ̀-oòrùn, ó fi olójú méjì sí i, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Sìmẹ́ńtì lásán ló wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ — ọjọ́ gbogbo ló ń fa ooru wọlẹ̀. A tẹ́ fóòmù líle tó nípọn bí ìka mẹ́rin, a kan pákó lé e. A dí gbogbo etí férémù. Velko ò jẹun ọ̀sán. Màmá ń bu ọbẹ̀ sí i lẹ́nu lórí ìdúró, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

A ti mọ ọwọ́ rẹ̀ báyìí. Láàárọ̀, ẹ̀rọ díẹ̀ kí Màmá tó jí. Oòrùn dé, ẹ pa á. Lọ́sàn-án, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àárín kí ooru yàrá bọ́ sínú ilé wa — ilé ìdáná wa ò tíì gbóná báyìí rí nínú oṣù Kọkànlá. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fa kọ́tìnì onírun-àgùntàn tí Màmá hun. Ọjọ́ tí kùrukùru bá bò ó, ẹ̀rọ la gbójú lé.

Mi ò pè é ní Ààrò mọ́. Mi ò pè é ní nǹkan kan. Yàrá ni.

Ilẹ̀ ti parí láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá

Yìnyín dé orúnkún. Ìta 9 nísàlẹ̀ òdo. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Inú yàrá lágogo méjìlá: 22, ẹ̀rọ ò sì ṣiṣẹ́.

Ẹnìkan fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn. Ìyá arúgbó kan, ìborùn méjì, bàtà ọkùnrin. Tsena ni, aládùúgbò Màmá lórí òkè láti àádọ́ta ọdún. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn pe Màmá lórúkọ. "Rusana, ẹrù ẹ dà? Mo wá mú ẹ lọ sílé."

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá, nígbà tí ẹsẹ̀ ń tutù wọ́n, Màmá ti rán awakọ̀ búrẹ́dì sí Tsena pé kí wọ́n wá gbé àwọn. Yìnyín ti dí ọ̀nà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ̀kalẹ̀ rèé, Tsena sì wà nínú rẹ̀. Màmá pupa bí ata. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. Velko gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Èmi ò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ sí.

Tsena ní kò burú, ọkọ̀ ìpadà di agogo mẹ́ta, àwọn á jókòó dè é. Wọ́n jókòó sínú oòrùn. Wọ́n tú ìborùn kan. Wọ́n tú èkejì. Kóòtù. Súwẹ́tà tó wà lábẹ́ kóòtù. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, wọ́n ní kí la gbé sábẹ́ pákó yìí, ṣé màlúù ni? Wọ́n jẹ bànítsà, àkàrà oníwàràkàṣì wa, ẹyọ mẹ́ta. Wọ́n sùn, ẹnu wọn là.

Agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rọra fọwọ́ kàn wọ́n. Mo ní Màmá Tsena, ọkọ̀ yín. Wọ́n la ojú kan.

"Ọkọ̀ wo?"

Wọ́n wo yàrá náà yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn tó ṣófo. "Rusana, ta ló ń lo ọ̀hún yẹn?"

Velko gbójú sókè, ó ń ka pákó òrùlé. Màmá ní, "Má bi mí o. Bi Galena. Òun ló nilé."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí mi.

Mo wo ìwọ̀n-ooru, bóyá yóò gbà mí nímọ̀ràn. Mo ní ẹ̀gbẹ́ yẹn máa ń tutù díẹ̀ láàárọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé bẹ́ẹ̀dì Màmá Tsena jìnnà díẹ̀ sí gíláàsì.

Ọkọ̀ ti lọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ àwọn ìyá méjèèjì láti ilé ìdáná. Wọ́n ti ń jà lórí ẹni tí yóò jókòó sún mọ́ oòrùn.